Òróró Lékè Omi, Ẹja Wà Lábẹ́ Rẹ̀

Kò dájú pé ọmọ Yorùbá kan wà tí wọn kò tíì ṣe àdúrà yìí fún rí, pé bí òróró ṣe ń lékè omi, bẹ́ẹ̀ ni yóò lékè gbogbo ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n ṣe é fún mi nígbà tí mo parí ìwé sẹ́kọ́ńdìrì. Wọ́n tún ṣe é lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, àmín tí mo ṣe lọ́jọ́ náà sì dún dé ẹ̀yìnkùlé. Àdúrà rere ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹja ti wọ ìdílé wa, tí mo sì ti ń tọ ipa rẹ̀ kiri bí iṣẹ́ ìwé ìròyìn ti kọ́ mi, ìbéèrè kan ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ àdúrà náà. Òróró lékè, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló wà lábẹ́ rẹ̀?

Ẹ wo bí èdè wa ti gba epo lálejò. Epo tí àwọn baba ńlá wa mọ̀, epo pupa ni, àti àdín, àti òróró ẹ̀pà. Ara èso ni gbogbo wọn ti wá, a sì ń jẹ wọ́n. Bí ó bá dà sílẹ̀, èèrà á lá a, ilẹ̀ á mu ún, ọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí òyìnbó gbé èyí tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀ dé, a wò ó, a rí i pé ó ń yọ̀, a rí i pé ó ń jó, a bá sọ òun náà ní epo. Epo òyìnbó fún àtùpà, epo bẹntiróò fún mọ́tò, dísẹ̀lì fún tirélà, bíláàkì ọ́ìlì fún iléeṣẹ́ ńláńlá. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra rárá. Èmi rò pé orúkọ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ láti máa da epo mọ́tò sí gọ́tà bí ẹni da ìṣẹ́kù ọbẹ̀ nù.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí mò ń wí kò níláti rìn jìnnà. Kí ó wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà, kí ó sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ afárá, kí ó sì rìn wọ Computer Village. Àdúgbò ilé gbígbé ni òpópónà Otigba jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ ni àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń tún un ṣe bẹ̀rẹ̀ sí ya ibẹ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká sì dé ní 2001, ọjà gba gbogbo àyíká kan. Èmi náà kì í pẹ́ débẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ fẹ́ràn láti máa kọṣẹ́. Bí mo bá jókòó ti ẹni tó ń tún un ṣe, ojú mi kì í gbélẹ̀.

Iná mànàmáná kì í dúró, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ọjà náà ró. Àwọn kéékèèké tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", epo bẹntiróò tí a po ọ́ìlì mọ́ ni wọ́n ń mu. Àwọn tó tóbi ju ìyẹn lọ, a gbọ́dọ̀ máa yí ọ́ìlì inú wọn lóòrèkóòrè, èyí tó bá sì jáde ti dúdú bí àdó. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe náà ní tiwọn. Bí omi bá wọ fóònù, wọ́n á tú u, wọ́n á rọ epo bẹntiróò díẹ̀ sínú ọmọrí ike, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ pátákó inú rẹ̀ títí yóò fi dán. Ibo ni èyí tó ṣẹ́kù ń lọ? Gọ́tà náà ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ojú gọ́tà náà lẹ́yìn òjò, ẹ ó rí òṣùmàrè tó tẹ́ sórí omi. Ó ń dán, ó lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n epo ni.

Mo bi ọmọkùnrin kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe léèrè, bí ó ti ń da ọ́ìlì dúdú láti inú agolo.

"Àbúrò, ibo lèyí ń lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí gọ́tà ni. Òjò á gbé e lọ."

"Lọ síbo?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò kàn mí o. Ó ṣáà ti lọ."

N kò bá a wí. Oníbàárà dúró tì í, ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣókùnkùn, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó gbé garawa kan kalẹ̀ fún un pé, "Gbà, inú èyí ni kí o máa dà á sí." Àti pé, agolo kan ṣoṣo ni. Kí ni agolo kan lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn níhìn-ín. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójútó àyíká sọ pé ọ́ìlì tí a bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lára mọ́tò kan, tí a sì dà á nù, lè ba mílíọ̀nù kan galọ́ọ̀nù omi jẹ́. Mọ́tò kan nìyẹn o. Ẹ wá ka jẹnẹrétọ̀ Computer Village, ẹ ka ti Àlẹ́ǹ àti ti Ọ̀pẹ̀bí, ẹ ka àwọn mẹkáníìkì láti Ògbà títí dé Agége. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Omi gọ́tà kì í dúró sójú kan, odò ló ń wá. Odò kan wà tó gba ẹ̀yìn Orẹ́gùn àti Ọ̀jọ́ta kọjá, tó ń wọ́ lọ sínú ọ̀sà. Odò Ìyá Aláró ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà ń ránni létí iṣẹ́ aró, àwọn ìyá tó ń gún èlú, tí wọ́n ń sẹ́ eérú. Omi aró dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé ni. Iléeṣẹ́ ni odò náà ń bá gbé báyìí. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà, ìjọba náà ló sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fún àwọn òbí wa níṣẹ́, a ò lè gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n bíláàkì ọ́ìlì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń dáná sábẹ́ ìkòkò irin ńláńlá wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ọ̀pá gáàsì tó dé àdúgbò náà, dísẹ̀lì ni wọ́n sì ń sun nígbà tí iná bá lọ. Táńkì epo wà lókè, táńkì wà nínú ilẹ̀. Èyí tó wà nínú ilẹ̀, ta ló ń rí i?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ń gbé lẹ́yìn Agége, lápá ibi tí ilé gbígbé àti iléeṣẹ́ ti fara kínra. Télọ̀ ni, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló ní. Ní 2019, ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláàjẹṣẹ́kù, ó fi búlọ́ọ̀kù mọ kòtò ẹja mẹ́ta sẹ́yìnkùlé, ó kó ọmọ àrọ̀ sí i. Omi kànga ló ń lò. Ó tà á lẹ́ẹ̀kíní, ó jèrè. Ó tà á lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jèrè, àwọn tó ń ta ẹja tútù létí ilé ọtí bẹ̀rẹ̀ sí wá a wá fúnra wọn. Nígbà kẹta, lẹ́yìn òjò ńlá kan, ó pè mí lórí fóònù ní ìdájí.

"Àbúrò mi, máa bọ̀. Ayé ti ṣe é."

Mo débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Nínú kòtò kékeré, àwọn ọmọ ẹja ti léfòó, ikùn wọn funfun sókè. Nínú kòtò ńlá méjèèjì, àrọ̀ dúró lóòró bí ẹni tí wọ́n so rọ̀, ẹnu wọn wà lójú omi, wọ́n ń gbé atẹ́gùn mì. Oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n mi fọ́n sí wọn láti àná ṣì wà níbẹ̀, ó ti wú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti ìka bọ omi, mo gbé e símú.

Mo ní, "Àǹtí mi, èyí kì í ṣe ayé. Dísẹ̀lì ni."

A fa omi kànga, ó ń rùn bákan náà. Ìta ògiri ẹ̀yìnkùlé, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú kan lọ, ni ọgbà iléeṣẹ́ kan wà tó ní táńkì dísẹ̀lì nínú ilẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó kọ́ nípa ẹja ní yunifásítì, tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́, bá mi lọ lọ́jọ́ kejì. Ó pa ẹja méjì, ó sì là wọ́n níwájú wa. Ohun tó fi hàn wá lọ́jọ́ náà, àti èyí tí mo ti kà kún un láti ìgbà náà, ni mo fẹ́ kó ẹ̀yin náà mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àrọ̀ lọ́jà, ẹ mọ̀ pé kì í tètè kú. Ẹ lè gbé e sínú ọpọ́n tí omi rẹ̀ kò bò ó, kó wà láàyè títí ẹ ó fi délé. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ní ohun kan lókè etí rẹ̀ méjèèjì, tó pín wẹ́wẹ́ bí ẹ̀ka igi, èyí tó fi lè mí atẹ́gùn òkè bí tiwa. Bí omi bá dọ̀tí, ẹpìyà á kú, òbòkun á kú, àrọ̀ á gòkè wá mí, yóò tún padà sísàlẹ̀. Agbára rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibo ni òróró máa ń wà? Òkè náà ni. Gbogbo ìgbà tí àrọ̀ bá gòkè wá mí, inú epo ló ń ki ẹnu bọ̀. Ohun tó ń gbà á lọ́wọ́ ikú nínú omi dídọ̀tí ló ń fà á wọ inú epo.

Ní ti ẹja yòókù, epo tó tẹ́ sójú omi kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọ inú omi dáadáa. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, tí wọ́n ń jẹ epo náà díẹ̀díẹ̀, tún ń lo atẹ́gùn tó kù. Ẹ mọ ohun pupa tó dà bí abẹ́bẹ̀ lábẹ́ etí ẹja, èyí tí a máa ń ṣí wò lọ́jà kí a lè mọ̀ bóyá ẹja ṣì tútù. Òun ni ẹja fi ń mí. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ púpọ̀. Bí epo bá kàn án, á wú, àwọn abala rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, ẹja náà á sì máa da ohun yíyọ̀ bò ó láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ẹja tí wọ́n là níwájú wa, abẹ́bẹ̀ náà kò pupa mọ́. Ó ti ràn bí ẹran tí a bọ̀.

Ìyẹn ni ti ìta. Epo tún ń wọnú. Àwọn èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PAH. Wọ́n ń gba etí ẹja wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ẹja ló ń bá wọn jà, tó ń lọ̀ wọ́n, tó ń kó wọn sínú òróòro kí wọ́n lè bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́ á rẹ̀. Ẹja tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá rẹ̀ kì í jẹun dáadáa, kì í sanra, àìsàn tí ì bá kọjá lára rẹ̀ á sì dá a dùbúlẹ̀. Epo tó fúyẹ́, bíi bẹntiróò àti dísẹ̀lì, ló ń yára pa ẹja, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń bá atẹ́gùn lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bíláàkì ọ́ìlì kì í kánjú bẹ́ẹ̀. Ó máa ń rì mọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, níbi tí ẹja ti ń wá oúnjẹ tí ó sì ń yé ẹyin sí.

Èyí tó burú jù ni ti ẹyin àti ọmọ ẹja. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1989, ọkọ̀ ojú omi Exxon Valdez kọlu àpáta ní Alaska, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Epo rọ̀bì tó dà jáde tó mílíọ̀nù 11 galọ́ọ̀nù. Ẹja kan tí wọ́n ń pè ní salmon máa ń yé ẹyin sínú òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́nu àwọn odò kéékèèké ibẹ̀. Epo wọ inú òkúta náà. Títí di 1993, ọdún mẹ́rin gbáko, ẹyin tó ń kú nínú àwọn odò tí epo dé ṣì ń pọ̀ ju ti àwọn odò tí epo kò dé lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò nínú iléeṣẹ́ ìwádìí wọn, wọ́n rí i pé ìwọ̀nba epo tó kéré tí ojú kò lè rí tó láti ba ọkàn ọmọ ẹja jẹ́ nínú ẹyin. Omi á kún yí ọkàn rẹ̀ ká, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀. Èyí tí kò kú á dàgbà, ṣùgbọ́n kò ní lè wẹ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹja mìíràn á sì gbé e mì. Oòrùn tún ń dá kún un, nítorí ara ọmọ ẹja mọ́lẹ̀ gbòò, ìtànṣán sì ń mú kí oró àwọn èròjà náà le sí i.

Ẹ wá rí i báyìí pé òkú ẹja tó léfòó kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Odò lè wà tí ẹ kò ní rí òkú ẹja kan lójú rẹ̀, kó sì jẹ́ pé ẹja ibẹ̀ ti ń tán lọ. Apẹja á kàn máa wí pé ẹja ò sí mọ́ bíi ti àtijọ́. Wọn kò kú lójú ẹnikẹ́ni. A kò bí wọn ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn onílé àdúgbò kó ara wọn jọ, wọ́n lọ sí iléeṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí a mú ẹ̀rí wá pé táńkì àwọn ni. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àlọ àti àbọ̀, wọ́n wú táńkì náà jáde nílẹ̀ lóru ọjọ́ kan, wọ́n sì dákẹ́. Kọ́bọ̀ kan kò tọwọ́ wọn bọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹgbẹ́ aláàjẹṣẹ́kù ń retí owó wọn, àwọn ìbejì ẹ̀gbọ́n mi sì wà ní kíláàsì tí wọn yóò ti ṣe ìdánwò WAEC. Owó ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà! Ẹja tó kù láàyè ṣì lé ní ìdajì.

Ìgbà náà ni ìyá kan tó ń yan ẹja dé. Ó wo inú kòtò, ó gbọ́ òórùn, ó ní:

"Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ n kó gbogbo ẹ̀. Mà á yan án gbẹ. Béèfín bá ti wọ̀ ọ́, ta ló máa gbọ́ òórùn epo lára ẹ̀?"

Iye tó dá kò burú. Ó ń tó owó ìdánwò, èyí tó kù á sì dí ẹnu ẹgbẹ́ fún oṣù méjì. Ìyá náà kì í ṣe ènìyàn búburú, òun náà ń wá jíjẹ mímu ni. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi.

"Ìwọ tó ò ń kọ̀wé, ṣé wàá jẹ ẹ́?"

Mo ní, "Rárá."

"Ṣé ó tó ohun tí ènìyàn ń kú sí?"

Mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un bí a ti sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀dọ̀ ẹja máa ń lé ọ̀pọ̀ lára àwọn èròjà epo jáde, nítorí náà ohun tó wà nínú ẹran ẹja kì í pọ̀ tó ti ìgbín odò àti ìṣáwùrú, tí wọn kò lè lé e jáde bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ẹja sínú omi mímọ́, òórùn náà lè lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín kì í lé epo jáde. Ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Èéfín igi fúnra rẹ̀ tún ní irú èròjà PAH yẹn nínú, tó fi jẹ́ pé gbèsè ló ń gùn lórí gbèsè. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lè má rí nǹkan kan. Ọmọ kékeré tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ńkọ́?

Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tó máa jẹ ẹ́ náà, ìyá ló bí i." Ó sì sọ fún ìyá oníyan pé kó má bínú.

Ó yá táńkì ike méjì, ó ra omi táńkà, ó kó ẹja tó kù sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń pààrọ̀ omi. Àwọn kan kú. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, ó se ọ̀kan. Kí ọbẹ̀ tó hó, òórùn dísẹ̀lì ti gba ilé ìdáná kan. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sì sin gbogbo wọn. Ó ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, àwọn ìbejì ṣe ìdánwò wọn. Títí di bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, omi rírà ni wọ́n ń mu nínú ilé náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ti ilé wa nìkan ni èyí, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Bárúwà, lọ́nà Ìpájà. Nínú àwọn ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa epo bẹntiróò mọ́ omi nínú kànga wọn, nítorí ọ̀pá epo tó gba abẹ́ ilẹ̀ wọn kọjá ń jò. Ẹ béèrè ní Bódò, ní ilẹ̀ Ògóni, níbi tí ọ̀pá epo ti bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní 2008. Ó di oṣù kìíní 2015 kí Shell tó gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn fún ìlú náà àti fún àwọn apẹja àti ará ìlú tó lé ní 15,000. Ìròyìn tí àjọ UNEP gbé jáde ní 2011 lórí ilẹ̀ Ògóni sọ pé iṣẹ́ àwọn tó dá oko ẹja sílẹ̀ létí àwọn odò ibẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí epo tí kì í kúrò lójú omi. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí. Ìròyìn náà tún wí pé àtúnṣe ibẹ̀ lè gba ọdún 25 sí 30.

Òfin ò ṣàìsí. Lẹ́yìn tí wọ́n kó pàǹtírí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ jí gìrì. NOSDRA dé ní 2006 fún epo tó bá dà, NESREA dé ní 2007 fún àyíká lápapọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní LASEPA tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tó bẹ́ ṣeé tọ́ka sí, ọkọ̀ tó rì ṣeé pè lẹ́jọ́. Agolo ọ́ìlì kan ní Otigba àti táńkì kan tó ń jò lábẹ́ ilẹ̀, ta ló fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́? Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé ìdajì iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa.

Kò sì le tó bí a ti rò. Ọ́ìlì dúdú kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dà nù. Àwọn tó ń dá kọnkéré ń rà á láti fi pa pátákó wọn, àwọn káfíńtà ń fi lé ikán, àwọn kan sì ń kó o jọ láti lọ̀ ọ́ padà. Bí ẹgbẹ́ ọlọ́jà bá gbé dúrọ́ọ̀mù kan sí orígun òpópónà kọ̀ọ̀kan, owó ni yóò mú wọlé. Epo tí a fi fọ fóònù, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ dé e, ẹ tún un lò. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sin ẹja, ẹ wo ẹni tí ẹ ń bá múlé gbé kí ẹ tó gbẹ́ kànga, kí ẹ sì gbọ́ òórùn omi náà lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Ẹ fi ẹja mẹ́wàá dán an wò kí ẹ tó kó ẹgbẹ̀rún kan sí i. Bí ẹ bá rí ẹja tó ń rùn epo lọ́jà, tútù tàbí yíyan, ẹ má rà á, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀dínwó tàn yín. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí jálá tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti bẹ̀rẹ̀ sí yí padà sí iná oòrùn. Ìnira ló lé wọn débẹ̀, ṣùgbọ́n gọ́tà náà jèrè níbẹ̀.

Tútù ni a ń ká ẹja. Bí a bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gbẹ mọ́ wa lọ́wọ́, kò ní ṣeé ká mọ́. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ẹni tó da epo síwájú ńkọ́? Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá ṣe àdúrà òróró àti omi fún yín lọ́la, ẹ ṣe àmín, kí Ọlọ́run gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá délé, ẹ bá mi wá garawa kan fún ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ yín.